RV, mínífáànù tàbí bàálù: èwo la fẹ́ wọ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n ní Atlanta?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé ní Lithonia, ìtòsí Atlanta. Houston làwa wà. Tí èèyàn bá gba Mobile àti Montgomery kọjá, ìrìn náà tó nǹkan bíi 825 máìlì ní àlọ nìkan. Ọdún mẹ́ta tẹ̀léra la ti lọ kí wọn, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la sì gbà lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, a wọ bàálù. Lọ́dún kejì, a gbé mínífáànù wa. Lọ́dún kẹta ni bàbá àwọn ọmọ lọ háyà RV, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fìríìjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, bí ìgbà tí wọ́n gbé yàrá àti pálọ̀ lé orí táyà.

Àwa mẹ́fà la máa ń lọ: èmi àti ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta, àti Màámi, ìyá ọkọ mi, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Àwọn ọ̀rẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò yé bi mí pé èwo ló dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èsì mi kì í dùn mọ́ wọn, torí ìbéèrè lèmi náà fi ń dá wọn lóhùn: níbo lẹ fẹ́ páàkì sí tí ẹ bá dé ilé ẹbí yín? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àmọ́ owó ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Owó

Mo ṣírò rẹ̀ fún èèyàn mẹ́fà, àlọ àti àbọ̀. Òru mẹ́ta nílé ẹ̀gbọ́n, òru mẹ́rin lójú ọ̀nà. Àwọn tó wọ bàálù kò ní òru ojú ọ̀nà ní tiwọn. Mo fi epo sí $3 gálọ́ọ̀nù kan. Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye yìí: ẹ yọ tèmi kúrò, ẹ fi èyí tí ẹ rí lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ sí i.

| | Bàálù | Mínífáànù tiwa | RV tí a háyà |
|---|---|---|---|
| Ọkọ̀ | tíkẹ́ẹ̀tì 6 × $200 = $1,200; ọkọ̀ háyà ní Atlanta, ọjọ́ 4 × $90 = $360 | tiwa ni | òru 7 × $150 = $1,050; máìlì tó lé, 950 × sẹ́ǹtì 35 = $332 |
| Epo | díẹ̀ | gálọ́ọ̀nù 66 = $198 | gálọ́ọ̀nù 165 = $495 |
| Ibùsùn ojú ọ̀nà | kò sí | yàrá 2 × òru 4 × $110 = $880 | ibùdó RV, òru 4 × $50 = $200 |
| Àpapọ̀ | $1,560 | $1,078 | $2,077 |

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ lábẹ́ RV dáadáa. Iye òru kan tí wọ́n kọ gàdàgbà síta, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi RV háyà máa ń fún yín ní ìwọ̀nba máìlì lófẹ̀ẹ́ lójúmọ́. Mo fi sí 100 nínú ìṣirò yìí. Òru méje á jẹ́ 700, ìrìn wa sì jẹ́ 1,650. Èyí tó lé ni wọ́n ń gba owó rẹ̀ ní máìlì kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì ka ìnṣọ́ránsì, owó orí, owó ìmọ́tótó, àti owó jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń kà ní wákàtí-wákàtí. Epo ńkọ́? Mínífáànù wa ń rin máìlì 25 lórí gálọ́ọ̀nù kan, RV yẹn ń rin mẹ́wàá, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá sì dojú kọ ọ́, kò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ owó nìkan lẹ ń wò, ẹ gbé mínífáànù yín. Ẹni tó bá ń sọ pé RV ń dín owó kù, ó jọ pé tirẹ̀ ló ti rà tí kò sì ka owó tó fi rà á mọ́ ọn.

Ohun tí owó kò sọ

Bàálù kò ní ìtàn púpọ̀. Nǹkan bíi wákàtí méjì lójú òfurufú, ẹ ti dé Atlanta. Tí ìsinmi yín kò bá ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, bàálù ni kí ẹ wọ̀. Ẹ kàn rántí béèrè kẹ̀kẹ́ arọ fún àgbàlagbà nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí pápákọ̀ Atlanta fẹ̀ débi pé ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé èrò káàkiri inú rẹ̀. Gbogbo ẹrù tí a sì máa ń kó fún ẹ̀gbọ́n, èlùbọ́, gààrí Ìjẹ̀bú, ẹja tútù inú kúlà, ilé la fi wọ́n sí lọ́dún yẹn.

Mínífáànù gba ẹrù, ó sì ń sáré. Ibi tó ti dùn wá ni orúnkún Màámi. Bí wákàtí kan àtààbọ̀ bá ti kọjá, wọ́n á ní kí a dúró. A ó yà sí ilé epo, a ó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó tò sórí ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù rinrin, a ó tún gbé wọn gòkè. Tálẹ́ bá lẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì, yàrá méjì, kí a já gbogbo ẹrù sílẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, kí a tún un dì. Ìrìn tí àwọn tó lágbára á rìn ní wákàtí mẹ́tàlá, ọjọ́ méjì gbáko ló gbà wá.

Ibẹ̀ ni RV ti gba ipò tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí a gbéra, Màámi wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, wọ́n ní, “Kí n máa tọ̀ sínú mọ́tò? Ẹ̀yin ọmọ yìí, orí yín pé báyìí?” A fún wọn lésì pé kò sẹ́ni tó máa dìde nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, gbogbo wa la máa de bẹ́líìtì, tí a bá ti páàkì ni kálukú á ṣe tirẹ̀. Wọ́n fà á títí a fi wọ Louisiana. Nígbà tí a yà síbi ìsinmi ojú ọ̀nà, wọ́n dìde láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n di ara ògiri mú, wọ́n rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, wọn ò tún fẹ́ rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé epo sójú mọ́.

Ibi ìsinmi yẹn kan náà ni mo ti ro àmàlà. Mo ti di ọbẹ̀ ilá àti ata dínndín sínú fìríìsà láti ilé, kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Màámi na ẹsẹ̀ sórí àga tó kọjú sí wọn, wọ́n ń jẹun, àwọn ọkọ̀ ajàgbé ń ṣe fìrì-fìrì kọjá lójú fèrèsé. Kò sí iye tí mo lè kọ sínú àpótí òkè yẹn fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ilé tó ń mì lẹ wà nínú rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù kan tí n kò tì dáadáa ṣí nígbà tí a yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá, ìgò epo pupa mi já lulẹ̀, ó fọ́. Ẹni tó bá ti fọ epo pupa kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì rí mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn tó ni ọkọ̀ gba owó ìmọ́tótó mìíràn lé èyí tí a ti san. Mi ò sì lè bá wọn jà. Epo pupa yín, inú ike ni kó wà, kẹ́ ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé e ní ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀, kì í ṣe òkè.

Wíwà rẹ̀ náà kì í ṣe ti mínífáànù. Ìdí ọkọ̀ ń fẹ̀ síta tí ẹ bá ń yà, bíréèkì rẹ̀ ń fẹ́ àyè, afẹ́fẹ́ sì ń tì í. Lórí afárá Atchafalaya ní Louisiana, tó gùn tó máìlì 18 lórí àbàtà, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ajàgbé bá yọ wá sílẹ̀ ni tiwa ń mì tìtì. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi débi tó parí. Ẹ má ṣe ju wákàtí mẹ́fà lójúmọ́.

Tó bá jẹ́ RV lẹ mú, irú èwo?

Class B ni èyí tó dà bíi fáànù gíga. Ọkọ àti ìyàwó péré ló dára fún. Ó lè rin máìlì 15 sí 18 lórí gálọ́ọ̀nù kan, ibi tí mínífáànù bá wọ̀, òun náà sábà máa ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ẹbí ní àárín ìlú, tí kò kó ọmọ dání, kó má wo òmíràn.

Class C ni tiwa: orí rẹ̀ yọ síwájú lókè ibi tí awakọ̀ ń jókòó, bẹ́ẹ̀dì wà nínú orí náà, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ máa ń jà sí. Èyí tí a gbà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 28. Fún ìdílé tó kọ́kọ́ fẹ́ dán RV wò, òun ni mo máa mú. Màámi kò lè gun àkàsọ̀, nítorí náà kí a tó sanwó, a rí i dájú pé bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ kan wà lẹ́yìn, tó súnmọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Class A rí bíi bọ́ọ̀sì Èkó sí Àbújá. Ó tura púpọ̀, ó sì ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, máìlì 6 sí 10. Mi ò ní gbé e fún ẹni tí kò wa ọkọ̀ ńlá rí.

Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ní èrè kan tí àwọn tó kù kò ní: tí ẹ bá dé ibùdó, ẹ ó tú u sílẹ̀, ẹ ó wa ọkọ̀ yín lọ sílé ẹbí. Ṣùgbọ́n ó gba ọkọ̀ tó lágbára láti fà á, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò sì gbà kí èèyàn jókòó sínú rẹ̀ nígbà tó bá ń rìn. Wíwà á lọ sẹ́yìn tún wà: ọ̀tún lẹ máa yí ọwọ́ ọkọ̀ sí kó lè lọ sósì. Ẹ kọ́ ọ níbi páàkì tó ṣófo lọ́jọ́ Sunday kí ẹ tó gbé e dé iwájú ilé àna yín.

Láti wa Class C tí wọ́n ń fi háyà, láísẹ́ǹsì ojoojúmọ́ ti tó ní Texas. Gíga rẹ̀ ni kí ẹ há sórí: ó máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà 11 sí 12. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀. Àwọn tí ẹbí wọn wà ní New York, ẹ sá fún àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní parkway, àwọn afárá kan tó dábùú wọn kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Àwọn tí wọ́n ń lọ sí Maryland tí wọ́n fẹ́ la Baltimore kọjá, gáàsì ìdáná tó wà lára RV kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ihò abẹ́ omi méjèèjì tó wà níbẹ̀. Afárá Key tí àwọn ọlọ́kọ̀ RV máa ń gbà tẹ́lẹ̀ sì ti wó ní March 26, 2024, nítorí náà ìhà ìwọ̀ oòrùn ọ̀nà 695, èyí tó yí ìlú náà ká, ni kí ẹ gbà.

Níbo lẹ máa páàkì sí?

A dé Lithonia ní alẹ́ Friday, a gbé RV sí iwájú gáréèjì ẹ̀gbọ́n, inú gbogbo wa dùn, àwọn ọmọ àdúgbò wá ń wò ó. Ní àárọ̀ Sunday, ìwé kan ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ní àdúgbò tó ní HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé, òfin wọn sì ni pé RV kò gbọ́dọ̀ sùn níta ju òru méjì lọ. Tí kò bá kúrò, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa bu owó ìtanràn lé. Ẹni tó ń gbàlejò wá di ẹni tí àlejò fẹ́ kó bá.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi dọ́là kan sílẹ̀ fún RV, ẹ pe ẹbí yín, kí wọ́n bá yín wo ìwé òfin àdúgbò wọn. Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò iwájú ilé ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣé ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, àbí ó dagun? Fìríìjì RV púpọ̀ kì í ṣe dáadáa tí ọkọ̀ bá dagun, ẹ̀yin náà á sì máa yí lulẹ̀ lóru. Ṣé ẹ̀ka igi ò rọ̀ sílẹ̀? Ṣé ojú títì fẹ̀ tó kí ẹsẹ̀ bàtà 28 lè yí padà?

Iná náà wà ńbẹ̀. RV wa ń lo iná 30 amp, sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ilé kì í sábà ju 15 tàbí 20 lọ. Nǹkan kékeré kan wà tí ẹ lè fi so méjèèjì pọ̀, fìríìjì àti gílóòbù á ṣiṣẹ́, àmọ́ tí ẹ bá tan AC, iná ẹ̀gbọ́n á já. Oṣù July ni a lọ. Ẹni tó bá mọ ooru Georgia kò ní béèrè bí a ṣe sùn lóru àkọ́kọ́. Ilé la sá wọ̀.

Lọ́jọ́ Sunday yẹn, a kó RV lọ sí ibùdó Stone Mountain Park, tí kò jìnnà sí Lithonia. Ibẹ̀ ní iná, omi àti ibi ìdàdọ̀tísí, adágún omi wà níwájú, àwọn ọmọ kò fẹ́ kúrò. (Àwọn olórí mẹ́ta, ààrẹ kan àti ọ̀gágun méjì, lára àwọn tó jà kí oko ẹrú má bàa parí ní Amẹ́ríkà ni wọ́n gbẹ́ sára òkè náà. Àwọn ọmọ bi wá, a sì sọ fún wọn.) Àmọ́ nígbà tí a fẹ́ padà lọ jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, a rí i pé ilé là ń tú. Ká yọ iná, ká yọ omi, ká ti gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, ká tó lè lọ jẹ ẹ̀bà. Ẹ̀gbọ́n ló padà ń fi ọkọ̀ wọn wá gbé wa láàárọ̀ àti lálẹ́. Mínífáànù ì bá ti ṣe ìyẹn láìsí wàhálà. Fún àbẹ̀wò ẹbí gan-an, RV ló gbẹ́yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ tún wà tí kò kan iná. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Ìbejì, ti tẹ́ yàrá sílẹ̀ dè wá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé inú ọkọ̀ la fẹ́ sùn, ojú wọn yí. “Ṣé ilé mi ò gbà yín ni?” Mo kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ká máa sọ fún wọn ṣáájú, kí Màámi sì sùn nínú ilé lóru àkọ́kọ́, ó pẹ́ ni, ó yá ni. Oúnjẹ, ilé wọn la ti jẹ ẹ́. A ò dáná nínú RV nígbà tí a wà ní Lithonia.

Ìgbà kan wà tí gbogbo èyí máa ń yí padà: tí ilé bá kún. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ọgọ́rin ọdún bàbá kan. Nígbà tí èèyàn mẹ́rìnlá bá ń pín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, ẹni tó gbé yàrá àlejò tirẹ̀ wá ni ọ̀rẹ́ gbogbo ilé. Tó bá jẹ́ irú ìrìn bẹ́ẹ̀, tí àdúgbò wọn kò sì ní HOA, mo gbà pẹ̀lú yín, ẹ háyà RV.

Ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀

Bàálù fò kọjá lórí Mobile. Nínú mínífáànù, a kọjá níbẹ̀ lálẹ́, a ń wá hòtẹ́ẹ̀lì. RV ló mú wa sun òru méjì níbẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé Mobile nìkan ni mo rí nínú ìrìn yẹn, kò dùn mí.

Ìdí ni Africatown. Ní 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọlé mọ́, ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó èèyàn 110 láti Ouidah wá sí Mobile ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Ọmọ Yorùbá wà lára wọn. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni Oluale Kossola, ọmọ agbègbè Bantè ní ilẹ̀ tó di Benin lónìí, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú. Cudjo Lewis ni wọ́n ń pè é níbí. Nígbà tí wọ́n dòmìnira ní 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, wọn ò lówó ọkọ̀. Wọ́n bá ra ilẹ̀ ní Mobile, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó, òun ni Africatown. Kossola gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1935. Wọ́n dá òkú ọkọ̀ Clotilda mọ̀ nínú omi ní 2019, Africatown Heritage House, níbi tí àwọn pákó rẹ̀ díẹ̀ wà nínú omi lẹ́yìn gíláàsì, sì ṣí ní July 2023. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ère Kossola wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Union Missionary Baptist. Màámi dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bàbá.”

Ibi tí a sùn náà ní ìtàn. Meaher State Park, lórí omi, ibùdó RV tó mọ́ tónítóní, kò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá sí Africatown. Timothy Meaher lorúkọ ẹni tó rán Clotilda níṣẹ́. Ẹbí kan náà ni wọ́n fi orúkọ wọn pe páàkì yẹn. Mo kà á lórí fóònù mi lálẹ́ nígbà tí gbogbo wọn ti sùn. Mo jí ọkọ mi, mo fi hàn án, a jókòó nítà títí ẹ̀fọn fi lé wa wọlé.

Montgomery wà lójú ọ̀nà náà, ibẹ̀ ni ibi ìrántí àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n so rọ̀ láìsí ìdájọ́ wà, ó ṣí ní 2018. Ìrìn ẹsẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ fún orúnkún Màámi, àwọn tó kù wọlé, èmi àti wọn dúró nínú RV, wọ́n sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Nínú mínífáànù, ì bá ti di àríyànjiyàn.

Iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀

Táńkì ìdọ̀tí méjì ló wà nísàlẹ̀ RV: ọ̀kan fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀kan fún omi tí a fi wẹ̀ tí a fi fọ abọ́. Ẹ so rọ́bà ńlá mọ́ ihò ìdàdọ̀tísí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ ṣí ti omi ìfọbọ́ kó lè ṣan rọ́bà náà. Ẹ má ṣe yí i padà. Ẹ má sì ṣe fi ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tí ẹ wà ní ibùdó, torí omi nìkan ló máa ṣàn lọ, èyí tó le á dì sísàlẹ̀ táńkì. Ọ̀rọ̀ pé ta ló máa ṣe é, ilé ni kí ẹ ti parí rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Nílé tiwa, ẹni tó háyà ọkọ̀ ló ṣe é.

Ní December yìí, ẹ̀gbọ́n kò ní ayẹyẹ kankan, ọjọ́ márùn-ún la sì ní. Mo ti sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé mínífáànù la máa gbé. Màámi gbọ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ níbi tí RV bá wà, pé kí á máa lọ ná.